Lamine Guèye: Agbẹjọ́rò Tí Ó Sọ Àmúsìn Di Ọmọ Orílẹ̀-Èdè

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a tún mú ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan wá fún yín nínú ìwé ọdún yìí. Ẹni tí a yàn kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl ni, ó sì ti kú láti ọdún 1968. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ohun tí ó fi ayé rẹ̀ jà fún ni ohun tí ó ká àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ lára jù lọ: kí ẹni tí ó ń gbé lábẹ́ òfin kan má ṣe jẹ́ àlejò lójú òfin náà, kí òfin sì dáàbò bò ó bí ó ti ń dáàbò bo ẹlòmíràn. Òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè kan àwọn ọmọ Yorùbá gan-an, nítorí pé àwọn ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀, Ìdáàṣà, Pọ̀bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ tí a tún ń pè ní Porto-Novo wà lára àwọn tí ó yí ipò wọn padà.

Ọmọ àjò ni òun náà

Amadou Lamine Guèye ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1891 ni wọ́n bí i ní Médine, nítòsí Kayes, ní ilẹ̀ tí ó di Málì lónìí. Ṣùgbọ́n ará Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl ni ìdílé rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà lórí rẹ̀ láti ìkókó, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀ dáadáa: ṣé ibi tí wọ́n bí ọ sí ni ilé rẹ, tàbí ibi tí bàbá rẹ ti wá?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ní ayé ìgbà náà. Ọ̀nà méjì ni Faransé pín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ń ṣàkóso sí. Ìlú mẹ́rin péré ní Sẹ̀nẹ̀gàl, èyí ni Saint-Louis, Gorée, Rufisque àti Dakar, ni àwọn ọmọ wọn ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Láti ọdún 1848 ni àwọn ọkùnrin Saint-Louis àti Gorée ti kọ́kọ́ dìbò yan aṣojú sí ilé aṣòfin ní Párísì. Ẹni tí ó bá wá láti ibòmíràn, kódà bí ìlú rẹ̀ kò bá jìnnà sí Dakar, òyìnbó kò kà á sí ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní èdè tiwa, àmúsìn ni.

Àmúsìn kò ní ìbò. Ilé ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀, òfin tirẹ̀ sì yàtọ̀. Àṣẹ kan tí Faransé gbé jáde ní 1887 fún ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lágbára láti sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n títí dé ọjọ́ 15 kí ó sì bu owó ìtanràn lé e, láìjẹ́ pé adájọ́ kankan gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ pé kò tètè san owó orí, tàbí pé kò bọ̀wọ̀ fún aṣojú ìjọba. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ túláàsì tún wà: ọ̀nà lílà, ẹrù rírù àti iṣẹ́ oko àwọn òyìnbó.

Àwọn ará wa tí ó wà lábẹ́ Faransé ní Dàhòmì jẹ nínú ìyà yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí bí àwọn ará Kétu àti àwọn Yorùbá mìíràn ní ẹkùn náà ṣe ń di ẹrù sọdá ààlà sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá nígbà ogun àgbáyé kìíní tí Faransé ń fi ipá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin sínú iṣẹ́ ológun. Àwọn Ọ̀họ̀rí tilẹ̀ gbé ohun ìjà sókè. Bí a bá wí pé òwò nìkan ni ó lé àwọn bàbá wa sí àjò, a kò tíì sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹlòmíràn ń sá fún òfin tí kò kà á sí ènìyàn ni.

Ọ̀rọ̀ kan nínú òfin

Àwọn ọmọ ìlú mẹ́rin náà pàápàá kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Àwọn òyìnbó kan ń sọ pé Mùsùlùmí tí ó ń fẹ́yàwó tí ó sì ń pín ogún ní ìlànà Ìsìláàmù kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Faransé, àti pé ìbò tí wọ́n ń dì, àánú ni wọ́n ṣe fún wọn. Ní 1912, àṣẹ tuntun jáde tí ó fi hàn pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 1914 ni wọ́n dìbò yan Blaise Diagne, ọmọ Gorée, gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí yóò jókòó ní ilé aṣòfin ní Párísì. Ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Faransé nílò ológun, Diagne sì lo àyè náà. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ jagun bí ọmọ onílé, kí òfin sì sọ pé ọmọ onílé ni wọ́n. Òfin ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1916 sọ bẹ́ẹ̀: ọmọ orílẹ̀-èdè Faransé ni àwọn ọmọ ìlú mẹ́rin náà àti àtọmọdọ́mọ wọn, kò sì ní kí wọ́n fi ìlànà ìgbéyàwó àti ogún pínpín wọn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ tí ó kan àtọmọdọ́mọ yẹn dáadáa. Ọmọ Médine ni Lamine Guèye ní ti ibi tí wọ́n bí i sí, Médine kò sì sí lára ìlú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ nínú òfin ni ó ń gbé ọmọ tí wọ́n bí sí àjò wọlé, àìsí rẹ̀ ni ó sì ń tì í síta.

Guèye ṣe olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ní 1921 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin ní Párísì. Ipò tí àwọn ọmọ ìlú mẹ́rin náà wà nínú òfin ni ó fi ṣe ìwádìí fún oyè náà. Ní Èkó, Sapara Williams ti ń ṣe agbẹjọ́rò láti nǹkan bí 1888, ṣùgbọ́n ní apá Faransé, Guèye ni a kà sí agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Àwọn àgbà wa ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa bàbá ẹni. Ìwé òfin ni Guèye fi ṣe idà tirẹ̀.

Ìjákulẹ̀ àti ẹjọ́ Thiaroye

Wọ́n yàn án ní méyọ̀ Saint-Louis ní 1925. Ó ṣe adájọ́ ní erékùṣù Réunion. Nígbà tí Diagne kú ní 1934, ó du ipò aṣojú, Galandou Diouf sì fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Ó tún du ú ní 1936, ó tún fìdí rẹmi. Ogun àgbáyé kejì dé, ìbò dídì sì dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá ń wo ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún 1943 yóò ní ọkùnrin náà ti kọjá àkókò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1944, nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ ológun Thiaroye nítòsí Dakar. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n jagun fún Faransé, tí àwọn Jámánì sì ti mú lẹ́rú ogun, ni wọ́n kó padà wá síbẹ̀. Owó tí ìjọba jẹ wọ́n ni wọ́n ń béèrè. Ìbọn ni àwọn ọ̀gá wọn fi dá wọn lóhùn. Ìjọba ìgbà náà kà òkú bí 35, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní 2024 sì ni ààrẹ Faransé tó gbà pé ìpakúpa ni. Ní 1945, wọ́n tún kó 34 nínú àwọn tí ó yè lọ sí ilé ẹjọ́ ológun. Lamine Guèye ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò wọn. Wọ́n dá wọn lẹ́bi, wọ́n sì rán wọn lẹ́wọ̀n, àfi ìgbà tí ìjọba wá dárí jì wọ́n lẹ́yìn náà.

Ní 1944, Faransé fún àwọn obìnrin rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ìbò, ṣùgbọ́n ní 1945 ó kọ́kọ́ yọ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ìlú mẹ́rin náà sílẹ̀. Àwọn obìnrin náà kò gbà, Guèye àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tì wọ́n lẹ́yìn. Kí ọdún tó dé ìdajì, ìjọba yí ohùn padà. Ohun méjèèjì yìí fi hàn pé òfin tí ó bá ní àlàfo, àlàfo náà ni wọ́n máa ń gbà fi ìyà jẹ aláìlágbára.

Òfin ọdún 1946

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, wọ́n dìbò yan àwọn tí yóò lọ ṣe ìwé òfin tuntun fún Faransé. Àpótí ìbò méjì ni Sẹ̀nẹ̀gàl lò. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yan Guèye, àwọn tí ó ní ìbò nínú àwọn àmúsìn sì yan Léopold Sédar Senghor tí kò tíì gbajúmọ̀ rárá nígbà náà. Sourou-Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, wà lára àwọn tí ó lọ láti apá Dàhòmì àti Tógò. Wọn kò pọ̀ rárá láàrin ọgọ́rọ̀ọ̀rún aṣòfin tí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Òfin tí Houphouët-Boigny gbé wá fòpin sí iṣẹ́ túláàsì ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946.

Òfin tí Guèye gbé wá kúrú gan-an, abala kan péré ni. Ó ní láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1946, gbogbo ẹni tí ó wà ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí Faransé ń ṣàkóso di ọmọ orílẹ̀-èdè, bákan náà pẹ̀lú ọmọ Faransé tí ó wà ní Faransé gan-an. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n ti fi jà fún ìlú mẹ́rin láti ìgbà pípẹ́ wá di ti àgbẹ̀ Kétu, darandaran Màlí àti apẹja Côte d'Ivoire lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà tí ó gbà wọlé yẹ fún àkíyèsí. Ìwé òfin tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún àwọn ará Faransé dìbò kọ ìwé náà. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni Guèye fi gbogbo ìrètí rẹ̀ sí, òfo ni ì bá já sí. Ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, ilé aṣòfin sì ti fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré, ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún, ó di òfin.

Síbẹ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán. Òfin lásán ni ilé aṣòfin lè pa rẹ́ lọ́jọ́ tí ó bá wù ú, àwọn òyìnbó amúnisìn sì pàdé ní Párísì ní àárín ọdún náà láti takò ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí i dájú pé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1946. Abala 80 tún sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n. Abala 82 fi kún un pé ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé ìlànà ìdílé tirẹ̀ nínú ìgbéyàwó àti ogún, ìjọba kò gbọdọ̀ tìtorí èyí dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù. Ẹjọ́ àwọn Mùsùlùmí ìlú mẹ́rin tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ parí síbẹ̀.

Ohun tí òfin náà kò lè ṣe

Kí a má tan ara wa jẹ, òfin náà ní àlàfo tirẹ̀. Ó ní òfin mìíràn ni yóò sọ bí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tuntun wọ̀nyí yóò ṣe máa lo ẹ̀tọ́ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àyè dí ọ̀nà. Olóyè, òṣìṣẹ́ olówó oṣù, ẹni tí ó ti jagun rí àti irú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà láàyè láti dìbò. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni ó gbà kí gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tó ní ìbò. Òfin ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1956 ni ó ṣe é.

Owó oṣù pẹ̀lú kò bá òfin dọ́gba lójú ẹsẹ̀. Òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú lè máa ṣe iṣẹ́ ìjọba kan náà nínú yàrá kan náà, kí owó wọn má sì dọ́gba. Guèye tún padà sí ilé aṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1950, tí a ń pè ní òfin Lamine Guèye kejì, ni ó pàṣẹ pé kí ìlànà owó oṣù àti àjẹmọ́nú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ ọ̀kan náà, láì wo àwọ̀ tàbí ibi tí ẹnìkan ti wá. Àwọn tí ó bá mọ òṣìṣẹ́ ìjọba Dàhòmì àtijọ́ yóò mọ ohun tí èyí ṣe fún ilé àti ọmọ wọn.

Ibi tí ìtàn náà ti kan ènìyàn lára ni pé òfin yìí gan-an ni ó já ipò gbà lọ́wọ́ Guèye. Ọkùnrin ìlú ńlá ni, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè ti àtijọ́ ni ó mọ̀, àwọn ni ó sì ń bá rìn. Senghor, tí ó ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1948, wọ inú ìgbèríko lọ, ó bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn àlùfáà jókòó. Nígbà tí ìbò dé ní 1951, àwọn tí òfin Guèye sọ di ọmọ orílẹ̀-èdè dìbò, ẹgbẹ́ Senghor ni wọ́n sì dì í fún. Guèye pàdánù àga rẹ̀ ní Párísì. A kò rí ẹ̀rí tí ó lágbára ju èyí lọ pé òfin náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀tọ́ tí a bá fún ènìyàn, tí kò sì lè fi takò wá, ẹ̀bùn lásán ni.

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀

Ní 1958 òun àti Senghor parí ìjà, wọ́n da ẹgbẹ́ wọn pọ̀. Òun ni ó di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sẹ̀nẹ̀gàl tí ó gba òmìnira ní 1960. Ní oṣù kejìlá ọdún 1962, nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ láàrin Senghor àti Mamadou Dia tí ó jẹ́ olórí ìjọba, tí àwọn agbófinró sì gba ilé aṣòfin, ilé Guèye ni àwọn aṣòfin ti pàdé tí wọ́n ti dìbò yọ Dia. Dia lọ sẹ́wọ̀n ọdún púpọ̀, àyè àtakò sì bẹ̀rẹ̀ sí dín kù ní ilẹ̀ náà. Àwọn kan ṣì ń bá Guèye wí lórí ọjọ́ yẹn títí di òní.

Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 1966, ó sì kú ní Dakar ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1968, ẹni ọdún 76. Ẹni tí ó bá dé àárín ìlú Dakar nínú wa yóò rí òpópónà ńlá tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún wa ní ìdálẹ̀

Kí Guèye tó kú ni ó ti rí i pé ìwé nìkan kò tó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní Abidjan, àwọn ènìyàn dìde sí àwọn ará Dàhòmì àti Tógò, wọ́n ba ilé àti ọjà wọn jẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì padà sílé ní ọwọ́ òfo. Lábẹ́ òfin ọjọ́ yẹn, ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ni àwọn ará Dàhòmì àti àwọn tí ó dìde sí wọn. Nígbà tí òmìnira sì dé, ààlà di ògiri. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó jáde, a sì bí àwọn mìíràn nínú wọn sí Gánà. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà àti àwọn mìíràn, ó ju mílíọ̀nù kan lọ. A kò gbọdọ̀ máa sọ ti àkọ́kọ́ kí a sì gbàgbé ti ìkejì.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé.

Èkíní, ẹ gba ìwé ọjọ́ ìbí fún àwọn ọmọ yín níbikíbi tí ẹ bá bí wọn sí. Abala 25 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sí òkèèrè, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí a kò lè fi ìwé hàn, ó ṣòro láti gbà lẹ́nu ibodè.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní Nàìjíríà, ẹ mọ̀ pé abala 41 fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbikíbi nínú rẹ̀, abala 42 sì ní kí ìjọba má ṣe tìtorí ẹ̀yà, ìlú tàbí ẹ̀sìn fi nǹkan dù ú. Bí wọ́n bá fi ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ dí ọmọ yín lọ́nà ní iléèwé tàbí níbi iṣẹ́, ẹ má dá sùn lé e. Ẹ mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láti wọlé láì gba físà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Málì, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú àjọ náà ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wádìí bí nǹkan ṣe rí kí ó tó di ẹrù.

Lamine Guèye kò dá ayé tuntun sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó wá àlàfo inú òfin, ó sì dí i lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ìbò dé orí owó oṣù. Iṣẹ́ náà kò tíì tán, àwa ni ó kù sí lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àjò wa dùn, kí ilé má sì gbàgbé wa. Àmín.